ÀRÙN ẸSẸ̀ ÁSÀ ỌBA

Ẹ ka Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 16.

Ní ọjọ́ 18 oṣù October ni Ìjọ wa máa ń ṣe ìrántí Lúùkù Mímọ́, ẹni tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì mọ̀ ní oníṣègùn, tí ó sì fẹ́ràn púpọ̀. Nítorí náà ó tọ́ kí a dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn ará máa ń bi wá nígbà tí ìsìn bá parí, tí wọ́n bá fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ẹsẹ̀ bá ti ń dun ènìyàn láti ọdún pípẹ́ wá, tí oníṣègùn sì wí pé iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́, ǹjẹ́ kí Kristẹni gbà fún ọ̀bẹ, tàbí kí ó jókòó, kí ó máa dúró de Ọlọ́run?

Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí ní ìlú tiwa. Ìlú òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ti Yemẹtu gbéra, tí ó gun òkè Mapo, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ó ń san owó ọ̀nà náà. Olùkọ́ ń dúró níwájú àwọn ọmọ láti òwúrọ̀ títí agogo yóò fi lù. Ìyá ọlọ́jà ń ru ẹrù. Àgbẹ̀ ń rìn lọ sí oko. Bí ẹsẹ̀ bá kọ iṣẹ́, oúnjẹ ilé yóò dínkù, owó ilé ìwé ọmọ yóò sì di ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Ásà, ọba Júdà, nítorí òun ni àwọn kan máa ń fi dẹ́rù ba aláìsàn. Ní ọdún 39 ìjọba rẹ̀ ni àrùn mú un ní ẹsẹ̀, àrùn náà sì le gidigidi. Ní ọdún 41 ni ó kú. Ìwé Mímọ́ kò yìn ín, nítorí pé ó sá tọ àwọn oníṣègùn lọ, kò sì kọjú sí Olúwa. Àwọn kan ka ibí yìí, wọ́n sì wí pé, "Ẹ kò rí i? Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti lọ sí ilé ìwòsàn."

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ orí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí ohun mìíràn. Nígbà tí Bááṣà ọba Ísírẹ́lì gbógun dìde, Ásà kó fàdákà àti wúrà láti inú ilé Olúwa, ó sì fi wọ́n ra ìrànlọ́wọ́ ọba Síríà. Nígbà tí Hánánì aríran bá a wí, ó sọ aríran náà sínú túbú. Ẹ kíyèsi i pé kí àrùn tó dé ẹsẹ̀ ọba yìí ni ọkàn rẹ̀ ti ń tiro. Ó ti mọ́ ọn lára láti wá ìrànlọ́wọ́ níbi gbogbo àfi lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kì í ṣe pé ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ni ẹ̀bi rẹ̀, bí kò ṣe pé ó fi oníṣègùn rọ́pò Olúwa.

Ẹ fi Hesekáyà ọba wé e. Òun náà ṣàìsàn dé ojú ikú. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run sì gbọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún un, Àìsáyà pàṣẹ kí a fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀. Àdúrà àti oògùn wà nínú ilé kan náà, ìkan kò sì lé ìkejì jáde.

Àwa ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé oore tí Ọlọ́run ti ṣe fún wa nípa ìmọ̀ yìí. Ní Yemẹtu níhìn-ín ni ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn ti fìdí múlẹ̀ kí a tó ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní ọdún 1957. Ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì jáde wá láti inú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ó tó di ọdún 1846, tí a fi oògùn akunilóorun han gbogbo ayé ní ìlú Boston, ojú aláìsàn ni a fi ń gé e, bí àwọn alágbára ti ń dì í mú. Ní ọdún 1867 ni Joseph Lister kọ̀wé láti fi hàn bí a ti lè dá ẹ̀gbin dúró kí ó má ba ojú abẹ jẹ́. Ta ni ó fún ènìyàn ní ọgbọ́n wọ̀nyí bí kì í bá ṣe Ẹni tí ó dá orí wa?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ń dun ni ni ọ̀bẹ yẹ. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀.

Èkíní ni èyí tí kò yẹ kí ó dúró. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, lè má mọ ìrora rárá, nítorí àrùn náà ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dúdú, bí ó bá ń rùn, bí ibà bá tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò àdáàjiná, tàbí àmì dúdú tí ń tóbi lábẹ́ èékánná. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Bob Marley, olórin ilẹ̀ Jamaica. Ní ọdún 1977 a rí i pé jẹjẹrẹ ni ó wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. A gbà á nímọ̀ràn kí a gé ọmọ ìka náà. Ó kọ̀, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kí a gé ẹ̀yà ara, ó sì gba iṣẹ́ abẹ tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn náà tàn ká ara rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù May 1981, ní ẹni ọdún 36. A kò sọ èyí láti dá òkú lẹ́jọ́, bí kò ṣe kí alààyè lè ronú.

Èkejì ni ti àwọn ọmọdé. Nínú bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí, a máa ń rí bí ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ sí inú. Kì í ṣe èpè, kì í sì ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Oníṣègùn Ignacio Ponseti, ní Iowa ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ tún ẹsẹ̀ náà ṣe, kí a máa fi pílásítà dì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọmọ, a ó la iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ díẹ̀, a ó sì fi bàtà onírin sí i lẹ́sẹ̀ títí yóò fi di bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá. Bí a bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni ó ti dára tó.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ tí ń dun ni ṣùgbọ́n tí kì í pa ni: gìgísẹ̀ tí ń ta ni ní òwúrọ̀, tàbí kókó tí ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí gìgísẹ̀ ń dùn ni ara wọn ń yá láàárín ọdún kan láìsí ọ̀bẹ, bí wọ́n bá ń na iṣan ẹsẹ̀, tí wọ́n sì wọ bàtà tí ó yẹ. Níhìn-ín kò sí ìkánjú.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀ràn náà. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ọ̀tún ti ń le láti ọdún mélòó kan wá, ó sì máa ń dùn wá nígbà tí a bá dúró pẹ́ lórí àga ìwàásù. A ti gbàdúrà, a sì ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ó ní a lè fi ọ̀bẹ tún un ṣe, a sì lè kọ́kọ́ fi bàtà tí ó gbòòrò, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, gbìyànjú. A yan bàtà náà fún oṣù mẹ́fà. Bí ó bá di pé a kò lè rìn lọ bẹ àwọn aláìsàn wò mọ́, a ó gbà fún ọ̀bẹ. A kò pe ìdúró wa ní ìgbàgbọ́, a kì yóò sì pe iṣẹ́ abẹ náà ní àìgbàgbọ́.

Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ ní láti jókòó ṣírò owó rẹ̀ ná. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ṣìnà. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bi oníṣègùn rẹ pé: Kí ni orúkọ àrùn yìí? Bí n kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà? Kí ni ó lè yíwọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni n kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀? Èló ni gbogbo rẹ̀? Oníṣègùn rere kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ wa kù sọ́dọ̀ ìjọ. Mefibóṣẹ́tì ọmọ Jònátánì ṣubú lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. A kò kà á pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tún dára mọ́. Ṣùgbọ́n a kà á pé ó ń jẹun nígbà gbogbo ní tábìlì Dáfídì ọba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún arọ nínú ìjọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Bí olùkọ́ kan bá sì gbà fún ọ̀bẹ, ta ni yóò gba kíláàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Bí ìyá ọlọ́jà bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò jókòó ti ọjà rẹ̀? Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, ta ni yóò gbé ọbẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ ni kò bẹ̀rù ọ̀bẹ bí wọ́n ti ń bẹ̀rù pé kò ní sí ẹni tí yóò bá wọn gbé omi. Ẹ̀rù yìí ni ìjọ lè mú kúrò.

Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ọjọ́ ikú. Kí Olúwa fún ẹni tí ń ṣiyèméjì ní ìmọ̀ràn rere, kí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ àwọn oníṣègùn, kí ó sì fi àánú sí ọkàn wa gbogbo, kí a lè ràn ara wa lọ́wọ́ dé ìlú náà níbi tí ẹsẹ̀ kankan kì yóò ti tiro mọ́. Àmín.