Erékùṣù Tó Lé Aboyún

Àwọn Gíríìkì ní ìtàn kan tí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wá ibi tí yóò wọ̀ sí nílùú òyìnbó rí. Leto lóyún fún Zeus, olórí òrìṣà wọn. Hera, ìyàwó Zeus, bínú, ni gbogbo ilẹ̀ bá kọ̀ láti gba aboyún náà. Delos nìkan, erékùṣù kékeré olókùúta tó ń léfòó lórí òkun, ló ní kó máa bọ̀. Ibẹ̀ ló bí Apollo sí.

Ní ọdún 426 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ará Athens ní àwọn fẹ́ sọ erékùṣù yìí di mímọ́ fún Apollo. Wọ́n hú gbogbo òkú tó wà níbẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kú síbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bímọ síbẹ̀. Aboyún tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bá ti sún mọ́, ẹ gbé e lọ sí Rheneia, erékùṣù ẹ̀gbẹ́ wọn. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé torí aboyún ló ṣe lórúkọ! Ìmọ́tótó wo nìyẹn? Kò kúkú dí ọjà lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ará Róòmù mú owó ibodè kúrò níbẹ̀ ní 166 kí wọ́n tó bí Jésù, òwò ẹrú búrẹ́kẹ́. Strabo kọ ọ́ pé wọ́n lè gba 10,000 ẹrú wọlé kí wọ́n sì kó wọn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bahia àti Havana, ẹ ò nílò àlàyé mi.

Ní 2019, Antony Gormley, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ère irin 29 lọ sí Delos. Wọ́n dúró sí etí omi, orí òkè, àti àárín àwókù tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde. Ara tirẹ̀ ló sábà máa ń fi ṣe ère. Ìbéèrè tèmi rèé: ṣé ara ẹnì kan lè dúró fún ti gbogbo èèyàn, pàápàá níbi tí wọ́n ti ta èèyàn? Lójú tèmi, kò lè dúró fún ẹni tí wọ́n tà. Ẹni tó ya ara rẹ̀ lére, òun ló pinnu ibi tí yóò dúró sí.

Síbẹ̀, mi ò ní kí wọ́n má gbé wọn lọ o. Àlejò kì í sùn ní Delos. Ọkọ̀ ló ń kó gbogbo wọn padà. Àwọn irin yìí sùn níbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń mú irin dípẹtà. Òfin Athens ò rí wọn mú: wọn ò lè bímọ, wọn ò lè kú.

Ká ní èmi ni wọ́n bi ṣá, aboyún kan ni mo fẹ́ kún un, létí èbúté, kó kẹ̀yìn sí Rheneia.