Ta Ni Ẹ́kísódù 22:18 Ń Bá Wí?

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí àwọn èèyàn agbègbè wa, láti Òkè-Ìmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n dé Arámọkọ, mọ̀ sórí ju ọ̀pọ̀ ohun tí Jésù sọ lórí òkè lọ. Ẹni tí kò lè ṣí ìwé Hábákúkù láìwo ojú ewé àkọ́kọ́ mọ Ẹ́kísódù 22:18. Tó bá di ìṣọ́ òru, tí wòlíì bá ti dárúkọ rẹ̀, ìjọ á ti máa pariwo kó tó kà á tán. Òfin kúkúrú ni. Ó ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì má ṣe dá ẹ̀mí irú ẹnì kan sí. Orúkọ tí Bíbélì Yorùbá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni "àjẹ́". Ìbéèrè tí mo gbé wá kò le: ta ni òfin yìí ń bá wí? Mi ò béèrè bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí o. Ìyẹn ní ọjọ́ tiẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, n kì í ṣe pásítọ̀. Ṣùgbọ́n Bíbélì èdè Hébérù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Mo kọ prógíráàmù kékeré kan kó bá mi ṣa gbogbo ibi tí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ yìí, k-sh-p, ti jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe, kó sì to Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 àti Bíbélì Yorùbá àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ló jáde. Ó jáde fún àwọn ọkùnrin tí Fáráò pè láti bá Mósè figẹ̀ wọngẹ̀, ó jáde fún ọba Mánásè, fún àwọn ará ààfin Nebukadinésárì nínú ìwé Dáníẹ́lì, ó jáde nínú Diutarónómì 18 àti nínú Málákì 3. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù ni tiwa yìí. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tiwa nìkan ló jẹ́ abo: mekhashefah. Akọ ni márùn-ún yòókù.

Ẹ wá wo ohun tí Yorùbá fi dípò wọn. Àwọn èèyàn Fáráò, ti Dáníẹ́lì àti ti Málákì, "oṣó" ni a pè wọ́n. Ti Ẹ́kísódù 22 di "àjẹ́". Ti Diutarónómì 18 náà di "àjẹ́", bẹ́ẹ̀ sì rèé, akọ ni Hébérù lò níbẹ̀! Ìgbà tí mo wo ìlà Gẹ̀ẹ́sì ló yé mi. Ibi tí àwọn ti 1611 ti kọ "sorcerer" la kọ oṣó, ibi tí wọ́n ti kọ "witch" la kọ àjẹ́. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì yà sí làwa náà yà sí.

N kò bá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kọjá àfẹnusọ. Gírámà wa pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́ níbí yìí: "ó" wa kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ odindi ìwé kan ní 1997 láti fi hàn pé akọ àti abo kọ́ ni Yorùbá fi to àwùjọ rẹ̀ látilẹ̀. Ní ti gírámà, mo gbà á lẹ́nu. Àmọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ kan wà tí a kì í gbọ́ kí ojú ọkùnrin kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A máa ń sọ pé "àtoṣó àtàjẹ́" bí ẹni ń pe bàbá àti ìyá. Nítorí náà, ìgbà tí àjẹ́ wọ inú òfin Mósè, obìnrin ló wọ ibẹ̀, òun pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbé dání nílé wa.

Kí ni mekhashefah ń ṣe gan-an? Ọ̀mọ̀wé kò fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ wà lédè àwọn ará Asiria, òfin wọn àtijọ́ sì sọ pé bí ọkùnrin tàbí obìnrin bá ṣe é, tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ẹ̀rí sì fìdí múlẹ̀, kí wọ́n pa á. Ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe ni, tí ojú lè rí. Àwọn Júù tó túmọ̀ Òfin sí èdè Gíríìkì ní ohun tó lé ní 200 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù lo ọ̀rọ̀ tó ti ara oògùn wá, gbòǹgbò kan náà tó bí fámásì. Jerome tó túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn kọ ohun tí a lè pè ní "àwọn aṣebi", akọ ni gírámà rẹ̀. Luther ló dá a padà sí obìnrin lédè Jámánì. Òótọ́ ni pé abo ló wà nínú Hébérù; àwọn rábì inú Tálímọ́ọ̀dù rí i, wọ́n ní tọkùnrin tobìnrin ni òfin náà ń bá wí, pé torí obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà ni Ìwé ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. (Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe kà wọ́n.) Ní 1584, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Reginald Scot kọ̀wé pé ẹni tó ń fi májèlé pààyàn ni ẹsẹ yìí ń sọ. Ọba James bínú, ó kọ ìwé tiẹ̀ ní 1597 láti ta kò ó. Ọba James yìí kan náà ló ní kí wọ́n ṣe Bíbélì 1611. Lásìkò tí à ń wí yìí, wọ́n ń dáná sun èèyàn káàkiri Yúróòpù. Ìṣirò àwọn òpìtàn ni pé nǹkan bí 40,000 sí 50,000 ló bá a lọ, obìnrin sì ni èyí tó pọ̀ jù.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Òfin Mósè kò jẹ́ kí a pa ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rí ẹnì kan: Diutarónómì 17 ní ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ pé obìnrin kan po oògùn, pé ó sin nǹkan sẹ́nu ọ̀nà, ẹlẹ́rìí méjì lè rí i. Ta ni yóò jẹ́rìí sí àjẹ́? Àjẹ́ tiwa ń sùn lórí ẹní, ẹyẹ rẹ̀ ló ń jáde. Inú ló ti ń jẹ ẹran ara. Àlá ni ẹ̀rí rẹ̀, ìran wòlíì ni ẹ̀rí rẹ̀, ọmọ tó kú ni ẹ̀rí rẹ̀. Òfin tó ń bá ìṣe wí la fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ di òfin tó ń bá ohun tí èèyàn jẹ́ wí, ohun tí kò sẹ́ni tó lè fi hàn, tí kò sì sẹ́ni tó lè sẹ́. Hammurabi ọba Bábílónì, tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, fi í sí òfin rẹ̀ kejì pé ẹni tó bá fẹ̀sùn idán kan ẹnìkejì, tí ẹni náà bó sódò tó sì yè é, ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni kí wọ́n pa, kí wọ́n sì fún ẹni tó yè ní ilé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo wòlíì tó mọ̀ pé ilé òun lè lọ sí i.

Àwọn èèyàn máa ń jà lórí bí Crowther ṣe fi Èṣù dípò Sátánì. Ìjà tó dára ni, mo ti jà á rí lórí Twitter títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n Èṣù ò ní ọrùn tí wọ́n lè so okùn mọ́. Àjẹ́ ní ọrùn, ó ní yàrá lẹ́yìnkùlé, ó ní ọmọ.

Ìtàn ilẹ̀ wa níbí kò sì ṣeé gbójú fò. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Ìlọ́fà tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Láti ibẹ̀ ló gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí kò jìnnà sí ìlú mi. Aláayè ìgbà náà fúnra rẹ̀ gbàgbọ́. Àwọn àgbà tó tọ́ wa dàgbà kò lè sọ̀rọ̀ Àpósítélì Babalọlá kí ohùn wọn má yí padà, Ẹ̀fọ̀n sì ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Ṣùgbọ́n ní 1932 wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní, lórí ọ̀ràn àjẹ́. Inúnibíni ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ka ìyẹn sí títí dòní.

Òfin tí òyìnbó fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù, abala 210. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ jẹ̀bi, ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ náà jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún méjì. Mo fẹ́ràn òfin yẹn ju bí mo ṣe rò lọ. Kò béèrè bóyá àjẹ́ wà. Ohun tí ẹnu èèyàn sọ, tí etí méjì gbọ́, ló ń bá wí. Ó sún mọ́ Mósè ju ìwàásù wa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọ nìkan ni. Ní 1950 àti 1951, àwọn Àtíńgà tó ti Gold Coast wá gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, wọ́n ń jó kiri ìlú, wọ́n ń nawọ́ sí àwọn obìnrin pé àjẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń gbowó, wọ́n sì ń fọ́ ojúbọ òrìṣà. Agbègbè yẹn kan náà ni wọ́n ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí! Ìjọba ló fòfin dè wọ́n. Ní oṣù keje 2020, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba ní Kafaba, ní àríwá Ghana, wọ́n sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀.

Nínú agboolé tiwa, wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kan wà, opó àbúrò bàbá bàbá mi. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì kú láàárín ọdún kan, arunmọléegun ni, gbogbo wa ló mọ̀ báyìí. Wòlíì ìjọ kan ní òun rí i lójú ìran. Látọjọ́ náà, wọn ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ ló ń tà. Á gbé e dé oríta láàárọ̀, á gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́, á tú u fún ewúrẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ka Ẹ́kísódù 22:18 sí i lójú, láti inú Bíbélì tí ìyá náà fowó ẹ̀kọ rà fún un. Ó tún gbé ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ yẹn kò purọ́ mọ́ ìwé. "Àjẹ́" ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wo bí Bíbélì fúnra rẹ̀ ṣe bá àwọn ẹni wọ̀nyí lò nígbà tí wọ́n ní orúkọ. Mánásè, ọba Júdà, ṣe ohun tí òfin yìí kọ̀. Gbòǹgbò kan náà ni Kíróníkà Kejì 33 lò fún un. Ó tún sun àwọn ọmọ rẹ̀ níná. Ó gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, ó padà sórí ìtẹ́. Ọdún 55 ló fi jọba. Ọkùnrin kan ṣoṣo nínú Ísírẹ́lì tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ ìṣe yìí nìyẹn, àánú ló sì rí gbà. Jésébẹ́lì ńkọ́? Ẹjọ́ tí Èlíjà kà sí i lọ́rùn ni ẹjọ́ ọgbà Nábótì, ilẹ̀ olóhun tí wọ́n gbà tí wọ́n sì pa olóhun. Jéhù ló sọ ọ̀rọ̀ idán sí i lọ́jọ́ tó ń gbapò, bí olóṣèlú ṣe ń ṣe. Obìnrin Éńdórì sì rèé, abókùúsọ̀rọ̀, tí àwa ń pè ní àjẹ́ Éńdórì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Sọ́ọ̀lù tó lé irú rẹ̀ kúrò nílùú ló tún lọ bá a lóru. Nígbà tí ọkàn ọba dàrú, obìnrin yìí pa ẹgbọ̀rọ̀ màlúù tó ń sìn nílé, ó po ìyẹ̀fun, ó fún un jẹ. Sọ́ọ̀lù jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: "Ìwọ ò tíì rí àjẹ́ ni." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà pé àjẹ́ wà, kó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹsẹ yẹn kò fún un láṣẹ tó rò pé ó ní. Kó sì ka orí náà síwájú. Ẹsẹ kẹrin sí ìyẹn, Ẹ́kísódù 22:22, kọ̀ fún wa láti pọ́n opó lójú, Ọlọ́run sì lérí níbẹ̀ pé òun fúnra òun yóò pa ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó tiẹ̀ yóò sì di opó. Kò ní kí a pe ẹlẹ́rìí. Ó ní òun á gbọ́ igbe wọn. Ta ni wọ́n sábà máa ń pè ní àjẹ́ ládùúgbò yín, ṣé ìyàwó gómìnà ni? Ẹsẹ mẹ́ta sí i, ẹ óò bá òfin tó ní kí a má gba èlé lọ́wọ́ tálákà. Mi ò tíì gbọ́ ìṣọ́ òru tí wọ́n fi gbógun ti àwọn ayánilówó orí fóònù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá pásítọ̀ àgbàlagbà kan ní Arámọkọ, ẹni tó mọ̀wé tó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi, kí lo fẹ́ ká fi rọ́pò rẹ̀?" Mo ní "olóògùn ìkà", tí a bá sì fẹ́ kí abo rẹ̀ hàn, "obìnrin olóògùn ìkà". Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ka ìyẹn lórí pẹpẹ, ìdajì àwọn bàbá ìjọ á wo ilẹ̀. Mo ní kó wá ka 18 àti 22 pa pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, àmọ́ kì í ṣe ní ìṣọ́ òru.