Ìrántí àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìjàm̀bá bá ṣe ọpọlọ ènìyàn léṣe, tí ó sì tún ń sọ̀rọ̀ padà, àwọn ará ilé a máa dúpẹ́ pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọn yóò fi rí i pé orúkọ ohun tí ó mọ̀ dunjú ń sá mọ́ ọn lẹ́nu, àti pé bí a bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ni yóò jẹ́. Wọn a ní iyè rẹ̀ ti ra. Láti ọjọ́ náà, wọn lè ta ilẹ̀ rẹ̀ láìbi í léèrè. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan díwọ̀n ohun tí ènìyàn rántí?

Ní ọdún 1969, Elizabeth Warrington àti Tim Shallice tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní K.F., ẹni tí ìjàm̀bá alùpùpù ṣe ọpọlọ rẹ̀ léṣe. Bí a bá ka nọ́ńbà 2 tàbí 3 sí i létí pé kí ó kà wọ́n padà, ó máa ń ṣì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa rántí bíi 7. Síbẹ̀, bí ó bá fi ojú rí wọn, ó ń ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá sì kọ́ ọ ní àkọ́túnkọ́, ó ń mọ̀ ọ́n, kì í sì í tètè gbàgbé rẹ̀. Èyí fi hàn pé ìrántí kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Èyí tí ń gba ọ̀rọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè bàjẹ́, kí èyí tí ń pa ìmọ̀ mọ́ ṣì wà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ó ṣe aláìsàn náà kò sọ òtítọ́. Ẹni tí ó bá sì ní kò mọ nǹkan kan mọ́, ìṣìnà tirẹ̀ tún pọ̀ jù.

Àwọn kan lè wí pé ẹlẹ́tàn lè ki ọ̀rọ̀ bọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rù náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdí láti pa á lẹ́nu mọ́. Kí á gé ìbéèrè kúrú, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á jẹ́ kí ó fi ọwọ́ tọ́ka, kí á sì tún bi í lọ́jọ́ mìíràn lọ́nà mìíràn. Bí ìdáhùn bá bára mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní àsọ̀rọ̀-àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú. Olùsọ ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ní ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa, olùgbọ́ tí kò ní sùúrù ni ìbáwí tọ́ sí.