Orí Ta Ni A Fi Ń Sáré Ìje?

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa nígbàkígbà tí ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ bá dé etí wa. Ǹjẹ́ eré sísá fúnra rẹ̀ ni ó burú, àbí ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó sọ ọ́ di ibi? Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ a sì máa dáhùn pé ayé ti yí padà, ẹni tí kò bá yára ni ayé yóò fi sílẹ̀. Ní tèmi, n kò rò pé ìhà méjèèjì ti fọwọ́ kan ojú egbò náà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti sọ eré ọkọ̀ di iṣẹ́ òòjọ́, kí a tó padà wá sí ojú ọ̀nà tiwa, láti Ìtawúrẹ́ gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Arámọkọ àti Ìjerò.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1948, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní NASCAR sílẹ̀, láti máa ṣe òfin fún àwọn tí ń fi irú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà sá eré ìje. Kì í ṣe ọkọ̀ abàmì nígbà náà. Ọkọ̀ tí ènìyàn lè gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi ni. Òmíràn nínú àwọn awakọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn ti kọ́ eré sísá nídìí ọtí tí ìjọba kà léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó amúnisìn ti ka ògógóró léèwọ̀ fún wa. Òru ni wọ́n ń gbé e gba orí òkè, tí wọ́n ń sá fún ọlọ́pàá.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1949, ní ìlú Charlotte, ọkọ̀ 33 jáde láti yí ojú ọ̀nà eléruku kan po ní ìgbà 200. Ojú ọ̀nà náà rí bí ẹyin, yíyípo rẹ̀ kò sì tó máìlì kan. Glenn Dunaway ni ó kọ́kọ́ dé òpin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé a ti tún sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe lọ́nà tí òfin kò gbà. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í fún Jim Roper, ẹni tí ó ṣe ìkejì. Ẹ̀yin náà rí i pé láti ọjọ́ kìíní ni eré yìí ti ní òfin tí ó ju ẹsẹ̀ yíyá lọ.

Ní Martinsville, ní ìpínlẹ̀ Virginia, irú pápá kékeré bẹ́ẹ̀ kan wà tí ó ti wà láti ọdún 1947. Ẹni tí ó bá yí i po ní ìgbà 500 ti rin máìlì 263, síbẹ̀ ibi tí ó ti gbéra náà ni ó padà dé. Láti ọdún 1964, aago ńlá tí ń dá dúró nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ẹni tí ó bá borí lọ́rẹ. Ẹ wo ọkùnrin tí ó fi gbogbo ọ̀sán lé àkókò kiri, tí wọ́n wá gbé àkókò fúnra rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa gbé e lọ sílé!

Ohun mẹ́ta ni mo ṣàkíyèsí nínú eré yìí. Èkíní ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí ara rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Èkejì ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé eré ni òun wá sá. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n múra sílẹ̀ fún ibi: àgò irin wà nínú ọkọ̀, bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ àga, àṣíborí wà lórí wọn, bí àsíá àwọ̀ ìyeyè bá sì ti fì, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ já ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí Dale Earnhardt, àgbà nínú wọn, kú sórí pápá Daytona ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2001, ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi sọ ìjánu tí ń di orí àti ọrùn mú di dandan fún gbogbo awakọ̀ wọn.

Níbẹ̀ náà, bí eré bá ta bá ẹni tí kì í sá a, ojú a yí padà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdù ọdún 1955, ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ eré kan fò já sáàrin èrò ìwòran, ènìyàn tí ó lé ní 80 sì kú. Ìjọba Switzerland fi òfin de irú eré bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn òǹwòran wọ̀nyẹn sanwó láti wòran ni. Wọn kò sanwó láti kú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ẹni tí ó bá ti ìhà Iléṣà bọ̀, tí ó yà ní Ìtawúrẹ́, yóò rí i bí òkè ti yí Ẹ̀fọ̀n ká. Ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ a sì máa fi ẹni tí ń bọ̀ pamọ́ fún ẹni tí ń lọ. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ akérò kan lọ́jọ́ kan, tí ọkọ̀ mìíràn já wa sílẹ̀. Awakọ̀ wa kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn ń kì í, wọ́n ní kí ó má gbà fún un. Ìyá àgbà kan tí ó gbé agbọ̀n lé itan ni ó lanu sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ àti ẹni iwájú yẹn ni ẹ jọ ń sáré. Èmi kò bá ẹnì kankan sáré. Arámọkọ ni mo ń lọ."

Awakọ̀ náà fèsì pé, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni."

A dé Arámọkọ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá náà ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní pápá Martinsville kò ní ibi tí ó ń lọ. Eré náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá yìí ní ibi tí ó ń lọ, ẹrú ni eré jẹ́ fún un. Awakọ̀ wá sọ ẹrú di olúwa, ó sì fi orí ènìyàn mẹ́rìnlá ta tẹ́tẹ́ tí ẹnì kankan nínú wọn kò bá a dá.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ta ni ó fi ipá mú wọn wọ ọkọ̀?" Òótọ́ ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ìrìn ni wọ́n sanwó fún. Ẹni tí ó fi irun rẹ̀ lé onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ kò yọ̀ǹda ọrùn rẹ̀ fún un.

Ẹlòmíràn lè wí pé ebi ni ó ń lé awakọ̀ sáré, nítorí pé ó ní iye tí ó gbọdọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́ kí ó tó rí tirẹ̀ jẹ. Èyí wúwo lọ́kàn mi, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Olówó ọkọ̀ tí ó bu iye tí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kò lè pa, òun náà ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti orí àga rẹ̀ nílé. Èrò ọkọ̀ tí ń pariwo pé kí awakọ̀ má gbà, òun pàápàá ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ẹ̀bi náà sí mẹ́ta, ti awakọ̀ kò tán níbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ó wà lórí bíréèkì.

Ẹ̀kẹta a wí pé àkúnlẹ̀yàn ni, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé yóò lọ, ìbáà jẹ́ orí ẹní ni ó sùn sí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí orí yàn. Ìbéèrè mi ni pé, bí orí kan bá tilẹ̀ yan ikú, ta ni ó fún awakọ̀ ní àṣẹ láti jẹ́ ọwọ́ tí yóò mú un wá? A kì í tìtorí pé gbogbo ènìyàn yóò kú dá apànìyàn sílẹ̀.

Ẹ sì wo èrè tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí ọ̀nà tí ó jẹ́ kìlómítà 30, ẹni tí ó bá sá 90 kìlómítà ní wákàtí yóò fi ìṣẹ́jú 10 péré ṣáájú ẹni tí ó sá 60. Mítà 25 sì ni ọkọ̀ tí ń sá 90 ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ eré ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi kọlu nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, nídìí gáréèjì ni a ó ti jókòó jẹ ẹ́ tán, tí a ń retí kí ọkọ̀ kún.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní ọdún 1988 ni wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin mú kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí ń dí eré lọ́wọ́. Ìwọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró sí gbogbo kọ́rọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo ni èrò tí ó jókòó sínú ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra eré. Ọmọkùnrin tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ti lè sáré tó, kí ó wá pápá, kí ó dé àṣíborí, kí ó wọlé ní òun nìkan; èmi yóò wà lára àwọn tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsinmi bá dé, tí a bá ń lọ sílé, tí awakọ̀ wa bá rí ọkọ̀ mìíràn níwájú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúwo, kí a má ṣe jẹ́ kí ìyá arúgbó nìkan sọ̀rọ̀. Kí àwa náà sọ fún un pé a kò bá ẹnì kankan sáré, ilé ni à ń lọ.