Ọwọ́ Mẹkáníìkì àti Omi Pílátù

Bíbélì kíkà wa tòní ni Máàkù 7:1-23, Diutarónómì 21:1-9, àti Mátíù 27:24. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kà kí ẹ tó jáde nílé, mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ inú wọn síbí.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yín, yálà ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí ni o, yálà ní Iléṣà, tí ẹ nawọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ló máa ń ṣe? Kì í na àtẹ́lẹwọ́ sí yín. Ọrùn ọwọ́ ló máa nà, nígbà mìíràn ìgbọ̀nwọ́, á ní, "Ẹ má bínú sà, ọwọ́ mi ò mọ́." A ti gbọ́ ọ títí, ó ti dà bí ìkíni létí wa. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni? Kí ló ń mú kí ọwọ́ má mọ́?

Àwọn Farisí gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá Jésù. Òfin Mósè ní kí àwọn àlùfáà fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn níbi agbada idẹ kí wọ́n tó dé ibi pẹpẹ, ó wà nínú Ẹ́kísódù orí 30. Àṣà àwọn àgbà ló fà á gùn dé ìdí oúnjẹ gbogbo èèyàn. Jésù ò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kó tó jẹun o, kí ẹnì kan má fi ọ̀rọ̀ mi jẹ àmàlà! Ohun tó sọ ni pé inú ọkàn ni ohun tó ń ba èèyàn jẹ́ níwájú Ọlọ́run ti ń jáde. Gírísì tó há sábẹ́ èékánná mẹkáníìkì, oúnjẹ ọmọ ló ń wá tó fi há síbẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá, àgọ́ ló ń pa jẹun. Bí arákùnrin kan nínú ìjọ bá wá ń ki ọwọ́ bọ àpò ní Sunday nígbà tí a bá ní ká kí ara wa, ojú wa ló lé e débẹ̀.

Síbẹ̀, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó kan oúnjẹ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà. Lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Èèyàn á rò pé láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sẹ́ni tó máa lè fi í ṣòfò báyẹn mọ́. Wọ́n ṣì ń fi fọwọ́. Ó yá lóòótọ́, kíá ni ọ́ìlì ń ṣí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tú ọ́ìlì náà ló ń fa ọ̀rá ara awọ jáde. Awọ á gbẹ, á sán, ojú ibi tó sán yẹn ni ìdọ̀tí tún ń gbà wọlé. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní benzene sì wà nínú bẹntiróòlù, ó wà lára ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ro ti ọmọ iṣẹ́ tó ń fi fọwọ́ lójoojúmọ́ títí tó fi máa gba fírídọ̀ọ̀mù.

Ohun tó dáa jù ò sì wọ́n. Kó kọ́kọ́ fi òróró díẹ̀ ra ọwọ́ rẹ̀ ní gbígbẹ, torí òróró ń tú ọ́ìlì. Kó bu lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì lé e, kó fi ha á, kó fi àkísà nù ún. Ìgbà náà ni kó tó kan omi, kànìnkànìn àti ọṣẹ. Ṣebí ilẹ̀ kòkó nilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: wọ́n á sun èèpo kòkó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á fi àdín sè é, ọṣẹ dúdú dé. Ó máa pẹ́ ju bẹntiróòlù lọ, ìṣẹ́jú mélòó náà ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ gbé dání rèé: nígbà tí ìdọ̀tí kúrò lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ ta ló lọ? Kì í sọnù. Ó ń ṣí lọ ni. Ọ́ìlì kọ́ndẹ́m tí wọ́n bá dà sí gọ́tà, òjò máa gbé e lọ bá odò tàbí kànga ẹnì kan. Ẹ̀yin ará Òṣogbo ò nílò wàásù lórí èyí. Ẹ fojú yín rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe di ẹrẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, tí wọ́n ní àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ló fà á. Ẹnì kan ń fọ góòlù lókè odò kó lè dán, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń bu ìdọ̀tí rẹ̀. Góòlù yẹn mọ́. Ọwọ́ tó fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Nínú Diutarónómì 21, bí wọ́n bá rí òkú ẹni tí wọ́n pa sínú pápá, tí wọn ò mọ ẹni tó pa á, wọ́n á wọn ilẹ̀ láti ibi òkú dé àwọn ìlú tó yí i ká. Àwọn àgbà ìlú tó sún mọ́ ọn jù ló máa wá dáhùn. Wọ́n á pa ọmọ màlúù, wọ́n á fọ ọwọ́ wọn lé e lórí, wọ́n á jẹ́rìí pé àwọn kọ́ làwọn ṣe é. Ẹ kíyè sí i, wíwọn ilẹ̀ ló ṣáájú omi. Omi nìkan ni Pílátù mú nínú ẹ̀. Ó mọ̀ pé Jésù ò jẹ̀bi, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bu omi, ó fọwọ́, ó taari ọ̀rọ̀ sọ́rùn àwọn èrò.

Omi Pílátù pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀gá á ní, "Báyìí náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi." Ẹni tó fi ògbólógbòó páàtì sínú mọ́tò oníbàárà tó gbowó tuntun, òun náà á fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun. Àwa tá a ní mọ́tò á ní, "Mo ṣá ti sanwó iṣẹ́, kí ló kàn mí pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹlòmíràn?" Ó dáa, ẹ wọn ilẹ̀. Láti bíréèkì mọ́tò yín dé ọwọ́ ọmọ yẹn, ṣé ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta?

Àwọn bàbá wa ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Tí ẹ bá máa ya ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ẹ mú ọṣẹ dúdú àti òróró ìgò kékeré kan dání. Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ o, torí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbà mọ́. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ibo ni kọ́ndẹ́m ń lọ. Tó bá ń gbè é pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi máa ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Àdúrà: Olúwa, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn láàárọ̀ yìí, l'Óṣogbo, n'Íléṣà àti níbi gbogbo, pa ọwọ́ wọn mọ́, pa ẹ̀jẹ̀ ara wọn mọ́, jẹ́ kí wọ́n gba fírídọ̀ọ̀mù wọn pẹ̀lú àlàáfíà. Lórúkọ Jésù. Àmín.