Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tuntun máa kú kó máa jí lójú ẹni tó fi owó oṣù mẹ́jọ kó ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ, ẹ ó rí i pé àdá ni gbogbo ará ilé máa ké sí. "Pààrọ̀ motherboard rẹ̀." "Power supply yẹn ni kò dáa, mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀." "Jẹ́ ká nu Windows kúrò, ká gbé òmíràn sí i." Ọrùn ni gbogbo wọn ń nàka sí. Kò sí ẹni tó bèèrè pé ibo gan-an ló ń dun orí.

Àbúrò mi kan níbí ní Ìbàdàn ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Fídíò ìgbéyàwó ló ń ṣe jẹun. Ó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó lórí tábìlì oúnjẹ, ó tanná sí i, ó jí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ọjọ́ kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó ń gé fídíò lọ́wọ́, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Ó tún un tàn, ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó sì kú fìn-ín bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àtùpà pa, kó tó tún fúnra rẹ̀ jí. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan láti àárọ̀ di alẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí wọ́n ti ṣe é ni?" ló bi mí, kò sì fi ṣàwàdà.

Ohun tó mú kí àìsàn kọ̀ǹpútà tuntun le ju ti àtijọ́ lọ ni pé kò ní àná. Èyí tí a ti ń lò láti ọdún márùn-ún, bó bá ṣàìsàn, a lè bèèrè pé kí ló yí padà. Ta ló gbé ètò tuntun sí i? Ìgbà wo la gbọn eruku inú rẹ̀ kẹ́yìn? Ara rẹ̀ ti le rí, nítorí náà a mọ ibi tí à ń dá a padà sí. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ara rẹ̀ kò tíì le rí. Àlejò ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí ara wọn. Ọ̀kan lè ti gbé àbùkù wá láti ilé-iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo wọn ló dáa, kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó tò wọ́n ló ṣì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kì í ṣe ohun tó bàjẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa wá. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní àná. Ẹ yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára rẹ̀, ẹ dá ètò inú BIOS, èyí tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, kó lo odidi ọjọ́ kan láìkú. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti máa dá nǹkan padà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì dá wàhálà sílẹ̀ kò ní ríbi sá sí.

Mo ní kó ra ìwé ogójì ewé, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Kó máa kọ ọjọ́, aago, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, àti ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà kó tó kú. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí Windows fúnra rẹ̀ ń kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Òótọ́ ni, Event Viewer wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Kernel-Power 41 ló bá níbẹ̀, kíá ló ti dájọ́: "Power! Ẹ ò rí i? Power supply ni!" Orúkọ yẹn ti ná àwọn èèyàn lówó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Gbogbo ohun tí 41 ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà tún jí láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ. Ó dà bí ẹni tó lajú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ní "mo ti ṣubú". Ohun tó gbé e ṣubú kò yé òun náà. WHEA-Logger lèmi máa ń kọ́kọ́ wá, torí bí ìyẹn bá fara hàn, ẹ̀yà ara kan ló ń fúnra rẹ̀ pariwo pé nǹkan ń ṣe òun. Kò sí i nínú tirẹ̀. Ìwé ogójì ewé la padà sí.

Ó wá kan ojú àti ọwọ́. A yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, a tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tán, a fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná ara wa má baà ba nǹkan jẹ́. (Power supply fúnra rẹ̀ lẹ ò gbọdọ̀ tú o. Iná máa ń dúró sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè pààyàn.) Mo bi í bóyá ó yọ ọ̀rá pẹlẹbẹ tó máa ń wà ní ìdí irin tó ń tu processor lára, ó yọ ọ́. A wò ó bóyá nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ motherboard níbi tí kò yẹ kó wà, kò sí. Gbogbo wáyà power supply ló bá a wá nínú páálí kan náà, mo sì dúpẹ́, torí wáyà ti ilé-iṣẹ́ mìíràn lè wọ ihò rẹ̀ rẹ́gí kó sì jó nǹkan kọjá àtúnṣe.

Ibi RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà, ni mo ti rí ọ̀rọ̀. Méjì ló rà, ihò mẹ́rin ló wà. Ó ki méjèèjì bọ ihò kìíní àti ìkejì, nítorí pé "inú páálí kan náà ni wọ́n ti wá, ẹ̀gbọ́n." Ìwé tó bá motherboard wá ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, kò tú u rí. Wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà síbẹ̀: bó bá jẹ́ méjì, ihò kejì àti ìkẹrin ni, bí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor. A yọ wọ́n. Mo ní kó tẹ ọ̀kan títí yóò fi dún "kà" lápá ọ̀tún, "kà" lápá òsì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti wọlé. Mo ní rárá, ó ku ẹyọ kan. Ó fi àtàǹpàkò lé e lórí, ó tún tẹ̀ ẹ́, motherboard ń tẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé yóò kán. Kà. Òógùn ti bò ó.

Ó rò pé ó ti tán nìyẹn. Kò tán.

A wá wọ inú BIOS láti dá ohun gbogbo padà, mo sì rí i pé ó ti tan XMP. Lára páálí RAM rẹ̀, 3600 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kò mọ̀ ni pé RAM DDR4 kì í bá eré yẹn jí. 2133 tàbí 2400 ló sábà máa ń fi jí. XMP ló ń pàṣẹ fún un pé kó sáré dé 3600, tó sì ń fi kún iná tó ń mu, láti 1.2 fóltì sí 1.35. Àwọn tó ṣe RAM ti dán an wò, wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n inú processor ni ẹni tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ ń gbé, 3200 péré sì ni ìlérí processor tirẹ̀. Ohun tó bá lé sí i, oríire ni: ti ẹnìkan á gbé e láìkérora, ti ẹlòmíràn á gbé e fún wákàtí mẹ́ta kó tó ṣubú.

A gbé MemTest86 sórí fíláàṣì. Ó ti pẹ́ láyé, 1994 ló ti wà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: yóò kọ nǹkan sínú RAM, yóò kà á padà, yóò wò ó bóyá ohun tó kọ náà ló kà. Windows kò tilẹ̀ ní jí ní gbogbo àkókò tó bá fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà a ò ní rí Windows dá lẹ́bi. Ní 3600, àyíká kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àbúrò mi ti fẹ́ pa á. Mo ní kó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìlà pupa ti bo ojú rẹ̀. Nínú ìdánwò yìí, kò sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún o. Bó bá ṣe àṣìṣe ẹyọ kan, ó ti gba òdo.

Àdá tún jáde. Ó ní òun á dá RAM padà, òun á gbé BIOS tuntun sí i, òun á tún Windows ṣe, gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, áńbèlètasé ẹni tó ń lé mẹ́ta. Bó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ara kọ̀ǹpútà le, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bí kò bá sì le, kò ní mọ èyí tó dá kún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la mú un. RAM méjèèjì ní eré tí wọ́n fi jí: odidi òru, kò sí àṣìṣe. RAM kìíní nìkan ní 3600: kò sí. Ìkejì nìkan ní 3600: kò sí. Méjèèjì pọ̀ ní 3600: ìlà pupa. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn! Ká ní ó dá wọn padà, àwọn tí wọ́n máa fi pààrọ̀ rẹ̀ lè ṣe bákan náà. A fi wọ́n sí 3200, wọ́n sun òru méjì níbẹ̀ láìṣàṣìṣe kankan. Eré tó pàdánù, kò sí ìyàwó tó máa rí i nínú fídíò rẹ̀.

N kò sọ pé BIOS tuntun kò wúlò, bí iná bá ti dúró dáadáa tí kò ní já láàárín iṣẹ́. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nígbà mìíràn, ohun tí a pè ní àìsàn ilé wa, àìsàn ìlú ni. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó fi processor Intel ìran 13 àti 14 to kọ̀ǹpútà, èyí tó jáde ní 2022 àti 2023, jẹ irú ìyà yìí. Géèmù ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn kan ń pààrọ̀ RAM, àwọn kan ń fura sí ẹ̀rọ àwòrán. Ọdún 2024 ni Intel wá sọ ọ́ síta pé iná tí àwọn processor wọ̀nyẹn ń bèèrè ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń jẹ wọ́n run díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde lóṣù kẹjọ ọdún náà, inú BIOS tuntun ló ń bá wọlé, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kí àtúnṣe tó dé, àtúnṣe kò lè jí i. Pípààrọ̀ ni tiẹ̀. Ọjọ́ kan ṣì wà tí àdá máa wúlò, lẹ́yìn tí a bá ti mọ ọrùn ẹni tó kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ojú búlúù kò padà wá. Alẹ́ Sátidé kan ni fóònù mi dún: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tún kú." Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo ní kó ka ìwé fún mi. "Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mò ń yọ fídíò jáde, ó kú fìn-ín. Àwọn oníná ti tún ṣe tiwọn." Mo ní kó ṣí i sẹ́yìn. Ọjọ́ mìíràn: ó kú fìn-ín, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ. Ọ̀kan tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ó rò pé èébú lòun ń kọ sínú ìwé, kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni.

Inverter wà nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, gílóòbù kì í ṣẹ́jú, nítorí náà ọkàn ẹnikẹ́ni kò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n inverter nílò àkókò díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìlú. Bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bíi 16 nínú rẹ̀ ni ATX, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe power supply, ní kó lè fi gbé kọ̀ǹpútà dúró lẹ́yìn tí iná bá já. Lẹ́yìn inverter tirẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan wà tó ní ipò méjì: ọ̀kan fún fáànù àti fíríìjì, tó ń gbà tó 20; ìkejì fún kọ̀ǹpútà, tó ń gbà bíi 10. Ti fíríìjì ló wà. Bí kọ̀ǹpútà bá jókòó lásán, iná tó wà nínú power supply ń gbé e kọjá àlàfo yẹn. Bó bá ń yọ fídíò jáde, ó ń mu iná bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ́wọ́ òfìfo lè fo kòtò. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì lé e lórí kó tún fò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń kú lọ́jọ́ tí kò bá síṣẹ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, a yí bọ́tìnnì náà. Ó fẹ́ dúpẹ́, mo ní kó ní sùúrù. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa ń dífá ọrọọrún. Ó kó fídíò tó gùn jù lọ sí i kó máa yọ ọ́ jáde, èmi dúró nídìí mítà, mo já iná ilé lójijì. Kò kú. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún un ṣe ní ọ̀sán gangan, nígbà tí yàrá ti gbóná bí ààrò, ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Kò ra nǹkan kan yàtọ̀ sí ìwé yẹn. Orí àpótí kọ̀ǹpútà náà ló ṣì wà. Ojú ewé mẹ́sàn-án la kọ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ìyókù kọ owó ọjà.