Ogún Oríkì

Ẹni tí ó bá dé Àgbádárìgì, tí ó dúró létí ọ̀sà, tí ó ń wo erékùṣù Gberefu lódìkejì, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú gba etí òkun lọ, kò ní ṣàì ṣẹ́ èpè fún òyìnbó. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìnísà ni èmi, ìbéèrè kan kò sì jẹ́ kí n bá wọn parí èpè náà: ta ni ó ń kó ẹrú wọ̀nyí dé etí omi?

Òyìnbó kì í sábà wọ igbó lọ. Ìbọn, ẹtù àti ọtí ni ó ń kó sọ̀kalẹ̀, àwa ni a ń jagun. Àjàyí tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Òṣoògùn ni a ti mú un ní 1821. Láti ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, kí ó tó wọ ọkọ̀ Potogí ní 1822. Ní Àgbádárìgì kan náà, ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, tí ó kú ní 1919, ṣì wà tí à ń wò. Wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré. Ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ẹrú! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1878, nígbà tí òwò ẹrú orí òkun ti kú, a ṣì ja ogun Jálumi ní Ìkìrun. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí ń sá sì já lu omi Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ bá odò lọ. A sì kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú nínú àwọn tí omi kò gbé.

Lónìí, bí wọ́n bá ń kì wá ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù, tí wọ́n ní baba ńlá wa jagun, ó kó ẹrú, ó kó ẹrù, orí wa a wú, a ó sì máa náwó fún ẹni tí ń kì wá. Bí a bá wá bi wá léèrè ẹni tí ó kó lẹ́rú, a ó ní, “Ayé àtijọ́ ni, àwa kọ́.” Mo gbà pé a kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ baba dá ọmọ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀, gbèsè yàtọ̀. Ẹni tí ó jogún ilé baba rẹ̀, òun ni olówó ń wá bá. Báwo ni a ṣe wá jogún ìwúrí, tí a kò jogún gbèsè?

Olówó náà kò sì jìnnà dé Bùràsíìlì. Inú agbo ilé wa ni ó wà. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ìgbéyàwó bá dé, àgbàlagbà kan a rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Ẹ ṣọ́ra o, ìyá ńlá wọn, owó ni a fi rà á.” Ọmọ ẹni tí a rà ni ó ń tẹrí ba, ọmọ ẹni tí ó rà á kò tijú. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Òkukù. Ó ní ohun tí àgbà bá bò, kí ọmọdé má tú u. Mo bi í pé àgbà wo ni ó bò ó: ẹni tí ó rà ni, tàbí ẹni tí a rà?